Fara Balẹ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin Fuglafjørður ní fífò.
Mo ní: ẹ gbé ẹsẹ̀, ẹ ga ju ọwọ́ aṣọ́lé lọ,
kí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ yín bí òkò.
Kò sí ọjọ́ kan tí mo sọ fún wọn
bí èèyàn ṣe ń padà wá sílẹ̀.
Mo rò pé ilẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Rannvá ló kọ́ mi.
Alẹ́ Sátidé kan ni, afẹ́fẹ́ òkun ń gbọn páànù orí gbọ̀ngàn,
ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ ẹja dé,
òórùn ẹja ṣì wà lọ́wọ́ tó fi ń pàtẹ́wọ́.
Ọmọ náà fò. Áà, ó fò!
Ẹnì kan fi èjìká kàn án díẹ̀,
kò ju bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn tó ti ṣí tẹ́lẹ̀ lọ.
Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló kan pákó,
ó nà gbọnrangandan, kò tẹ̀,
orúnkún sì yà sínú, ó lọ bá èkejì rẹ̀
bí ẹni fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí.
Pọ́.
Bí ẹni ṣẹ́ igi gbígbẹ nínú yàrá kejì.
Àtẹ́wọ́ ìyá rẹ̀ dúró ní agbedeméjì.
Eékún kò jìnnà sí ẹkún lẹ́nu.

Mo ti wo fídíò yẹn títí ojú fi ń ta mí.
Láti ìgbà tí ìka ẹsẹ̀ kan ilẹ̀
títí dé ìgbà tí okùn inú orúnkún já,
ojú kò tíì ráyè ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan.
Ta ni yóò ráyè kìlọ̀ láàrin ìyẹn?
Okùn tí kò gùn ju ìka ọmọdé lọ,
òun ló di egungun itan mọ́ ti ojúgun,
kò ké, kò béèrè ọpẹ́,
ọjọ́ tó bá já la ń mọ̀ pé ó wà.

Nígbà tó yá, mo kó àwọn tó kù lọ sí Tórshavn.
Durita lẹ àmì róbótó mọ́ wọn ní ìbàdí, ní orúnkún, ní ọrùn-ẹsẹ̀,
ó gbé wọn gun àpótí tí kò ga ju ojúgun lọ,
ó ní kí wọ́n bọ́ sílẹ̀ sórí awo irin tó ń wọn agbára.
Ìwọ̀n ara wọn lọ́nà mẹ́ta, awo náà wí.
Mẹ́rin fún Sólrun, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá,
tó balẹ̀ gbì bí àpò iyọ̀, tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì fẹnu konu.
Durita kò sọ nǹkan kan.
Ó kàn wò mí.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, àgùntàn kan fo kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.
Oríkèé rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ wọ́ọ́rọ́,
ó gba ilẹ̀ bí ẹni gba ọmọ tuntun,
ó sì ń jẹko rẹ̀ lọ.
Ojú tì mí nínú bọ́ọ̀sì.

Ní báyìí, fara balẹ̀ ni mo ń ké ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.
Ìka ẹsẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kí ilẹ̀.
Ẹ tẹ ìbàdí. Ẹ tẹ orúnkún,
kó máa wo ibi tí ìka ẹsẹ̀ ń wò.
Màá dijú; bí mo bá gbọ́ yín, ẹ tún un ṣe.
Wọ́n ń rẹ́rìn-ín: Kóòṣì ti sọ wá di ológbò.
Bàbá Sólrun bi mí pé ìgbà wo ni a máa bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù gan-an.

Lánàá, oṣù kẹfà lẹ́yìn tí wọ́n fi iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀
hun okùn tuntun fún un,
Rannvá gun bẹ́ńṣì tó kéré jù.
Gbọ̀ngàn dákẹ́, àfi páànù.
Mo dijú.
Mo dúró, mo dúró, n kò gbọ́ nǹkan kan,
n kò sì mọ̀ bóyá ó ti fò.